Ìyà Tí Mo Ti Jẹ Tán, Wọ́n Tún Gbé E Padà Wá

Ẹ̀yin ará mi, ẹ gbà mí o! Èmi télọ̀ tí ò bá ẹnikẹ́ni fa wàhálà ní Ìlaro, tí mo jókòó jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ mi, kí ni mo ṣe fún àwọn òyìnbó tó ń ṣe fíìmù?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ṣe Arsenal, ẹ ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ. Ìyà tí ẹgbẹ́ yìí fi jẹ wá ní sáà 2021 sí 2022, mo ti jẹ ẹ́ tán ní ilé ìwòran. Mo sanwó ìwọlé, mo jókòó lórí bẹ́ǹṣì tí ìṣó ń yọrí lára ẹ̀, àwọn ọmọ Chelsea fi mí ṣẹ̀sín títí dé ẹnu ọ̀nà ilé mi. Ó tán, àbí kò tán? Kò tán o! Àṣé kámẹ́rà ń bẹ ní yàrá ìmúra wọn ní gbogbo ìgbà yẹn! Oṣù Kẹjọ ọdún 2022, Amazon gbé e jáde ní apá mẹ́jọ, wọ́n pè é ní All or Nothing, ìgbà tó yá, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń kàwé ní Pólì fi dátà mi wà á sórí fóònù, ó ní, "Bọ̀dá, ẹ wá wo ohun tó ń lọ lábẹ́lẹ̀."

Abẹ́lẹ̀ wo? Èyí tójú mi rí níta ò tíì kúrò lára mi!

Ó tàn án, Brentford ló kọ́kọ́ yọjú. Brentford tí ò dé líìgì ńlá fún ọdún 74, ọjọ́ tí wọ́n padà débẹ̀, 13 oṣù Kẹjọ 2021, orí wa ni wọ́n ti ṣe àríyá, 2-0, Chelsea náà tún nà wá 2-0, Manchester City fi 5-0 lé e, àwa ò sì tíì jẹ góòlù kan ṣoṣo! Bẹ́ẹ̀ ìgbà tí wọ́n gbé kámẹ́rà yìí kan náà lọ sọ́dọ̀ City, City gba póìǹtì 100, wọ́n gbé ife líìgì 2018. Ó wá kan tiwa, ó di Brentford. Ta la ṣẹ̀? Góòlù tó wọlé wàràwàrà lójú mi ní ilé ìwòran, wọ́n á wá fà á gùn, á máa wọlé díẹ̀díẹ̀, Daniel Kaluuya, tóun fúnra ẹ̀ ń ṣe Arsenal, á wá máa fi ohùn jẹ́jẹ́ ròyìn ẹ̀ fún mi, àfi bíi pé mi ò sí níbẹ̀!

Ẹ tún gbọ́ ti Arteta, kóòṣì wa. Wọ́n ń lọ bá Liverpool, ó gbé sípíkà ńláńlá wá sí pápá ìgbáradì, ó ń fi orin àwọn ará Liverpool dí àwọn ọmọ yẹn létí kó lè mọ́ wọn lára. Ó mọ́ wọn lára lóòótọ́: 4-0. Ó ya ọkàn àti ọpọlọ sójú pátákó, wọ́n di ara wọn lọ́wọ́ mú. Ọjọ́ mìíràn, gílóòbù ló gbé dání, ó ń ṣàlàyé fáwọn géńdé ọkùnrin pé bí wọn ò bá so pọ̀, wọn ò lè tàn. Ibi tó ti gbé gílóòbù yẹn sókè gan-an ni wọ́n ti múná lọ ní àdúgbò wa, ni mo bá lọ wá epo jẹnẹrétọ̀! Ẹ̀yin ará Ìdírókò, nígbà tí ìjọba ní kí epo má dé ibi tó wà ní kìlómítà 20 sí ẹnubodè ní 2019, ẹ rò pé ìyà ni wọ́n fi ń jẹ yín. Orí ló ń yọ yín lọ́wọ́ fíìmù yìí.

Ìyàwó mi ló wá dá kún un. Obìnrin tí kì í wo bọ́ọ̀lù, tó máa ń kọjá síwájú tẹlifíṣọ̀n nígbà tí wọ́n bá ń gbá pẹ́nárítì, òun ló jókòó ti fíìmù yìí tó ń nu ojú. Ó gbọ́ pé Aubameyang lọ wo ìyá ẹ̀ tára ẹ̀ ò yá, pé ó pẹ́ kó tó dé, wọ́n sì gba ipò balógun Arsenal lọ́wọ́ ẹ̀. Háà! Ó kọjú sí mi, ó ní ọmọ gidi nìyẹn, ó ní ìwọ tí ìyá ẹ wà ní Ayétòrò níbí, ìgbà wo lo lọ wò ó kẹ́yìn? Ẹ jọ̀ọ́, kí ni mo fẹ́ fèsì? Mo jókòó láti wo bọ́ọ̀lù, wọ́n dá mi lẹ́jọ́ ìdílé.

Kó sì tó di pé ẹnìkan á ní ká lọ wo tiwa: Yemi Bamiro ti ṣe fíìmù Super Eagles '96, ó jáde ní 2023, ó dáa, torí pé àwọn tó na Brazil 4-3, tí wọ́n na Argentina 3-2 ní Òlíńpíìkì Atlanta ló dá lé lórí. Àmọ́ ẹ gbé kámẹ́rà wọ yàrá ìmúra wa láti ìgbà náà, kẹ́ ẹ gbọ́ bí wọ́n á ṣe máa pariwo owó. Ní 2013 àwọn Super Eagles wà ní Namibia, wọn ò tètè wọkọ̀ òfuurufú lọ sí Brazil nítorí owó àjẹmọ́nú. Ní 2016 àwọn obìnrin wa, Super Falcons, gba ife Áfíríkà ní Cameroon, wọ́n dé Àbújá, wọ́n jókòó sí òtẹ́ẹ̀lì, wọn ò kúrò, wọ́n tún gbé pátákó lọ sílé ìgbìmọ̀ aṣòfin. Oṣù Kẹwàá 2024, Benghazi ni bàálù àwọn Super Eagles ń lọ, Al Abraq ni wọ́n ní kó balẹ̀ sí, wọ́n tì wọ́n mọ́ pápá ọkọ̀ òfuurufú fún wákàtí tó lé ní 16, orí àga ni wọ́n sùn sí, àwọn fúnra wọn ló ń fi fóònù ya ara wọn. Kò sí Kaluuya tó bá wọn ròyìn ẹ̀. Bó bá sì jẹ́ ẹgbẹ́ àdúgbò wa ni wọ́n tẹ̀ lé láti Ìlaro lọ gbá bọ́ọ̀lù ní Ìdírókò, ojú ọ̀nà ni apá mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ máa tán sí, níbi tí àwọn aṣọ́bodè ti ń tú báàgì bàtà wò bóyá ìrẹsì Kútọnu ló wà nísàlẹ̀.

Mo fara dà á dé apá ìkẹyìn. Tottenham nà wá 3-0, Newcastle fi 2-0 kún un, Tottenham fi póìǹtì méjì gba ipò kẹrin mọ́ wa lọ́wọ́. Mo ní kó pa á. Ọmọ yìí wá ń rẹ́rìn-ín, ó ní púpọ̀ ṣì wà: ti àwọn ará Jámánì wà, tí kóòṣì wọn, Flick, fi fíìmù ẹyẹ tó ń fò pọ̀ hàn wọ́n ní Qatar, Japan sì nà wọ́n 2-1, ti Tottenham náà wà, Mourinho wà nínú ẹ̀.

Tottenham! Nínú ilé mi!

Ìyàwó mi ní kó tàn án. Ó ní àwọn yẹn ṣáà gba ipò kẹrin.