Kíbọ́ọ̀dù Tó Ń Mísì

Fóònù ló kó bá mi. Òru Sátidé ni mo rí i níbẹ̀ pé sìkéèlì kan wà tí wọ́n ń pè ní harmonic major. Kò le rárá: do, re, mi, fa, so bí a ṣe ń kọ ọ́ nílé ìjọsìn, la nìkan ni a óò fà wálẹ̀ díẹ̀, ti kò yẹ̀ láyè rẹ̀. Lórí C, kí ìka fi A sílẹ̀, kó tẹ dúdú tó wà lápá òsì rẹ̀. Rimsky-Korsakov ará Rọ́ṣíà ti kọ ọ́ sínú ìwé ní nǹkan bí 1885. Mo tẹ̀ ẹ́ títí, orí mi wú.

Ilẹ̀ mọ́, ìdúpẹ́ ni ní ìjọ wa ní Pápá Àjàó. Bàbá kan tó ń ta páàtì mọ́tò ní Ládípọ̀ ń ṣe ọjọ́ ìbí. Aṣọ ẹbí kún àárín ṣọ́ọ̀ṣì, gángan ń kì í, owó tuntun wà lọ́wọ́ rẹ̀. Orin ohùn márùn-ún ni à ń kọ: do, re, mi, so, la. T.K.E. Phillips, tó tẹ dùùrù fún ọ̀pọ̀ ọdún ní kàtídírà Marina, ti ṣàlàyé irú orin wa yìí nínú ìwé rẹ̀, Yoruba Music, ní 1953. Ṣé mo kà á? Fóònù ni mò ń kà.

Mo dúró de kọ́ọ̀dù fa. Ó dé, mo ki la tí mo fà wálẹ̀ bọ̀ ọ́, mo dijú, mo jẹ́ kó rọ̀ dẹ̀dẹ̀. Áà! Ibẹ̀ gan-an ni gbogbo kwáyà di la gidi mú. La tiwọn àti la tèmi kọlu ara wọn bí ọkọ̀ méjì nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ. Gángan dákẹ́. Bàbá gbé ẹsẹ̀ kan dúró, ó dá owó padà sápò.

"Bùrọ̀dá oníkíbọ́ọ̀dù, nǹkan yẹn ń mísì o! Ẹ pa á, kí ẹ tún un sítáàtì!"

Ẹnì kan sáré jáde lọ wo jẹnẹrétọ̀.

Olórí kwáyà tẹ̀ sí mi létí: "Ta ló kú?"

Kò jẹ̀bi. Níbi orin jẹ́jẹ́, tí ẹnikẹ́ni ò kọ la, kọ́ọ̀dù yẹn a máa mú omi lójú ènìyàn. Àmọ́ bàbá wá jó ni, kò wá sunkún.

Ọmọkùnrin tó mọ kọ́ọ̀dù mẹ́ta péré ló ń tẹ kíbọ́ọ̀dù báyìí. Èmi ni mò ń gbé súpíkà.