Ògiri Tó Ní Bọ́tìnnì

Àwọn àgbà ní bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ ibẹ̀. Ògiri alámọ̀ ni wọ́n ń wò o. Wọn ò mọ̀ pé ọjọ́ ń bọ̀ tí ọmọ aráyé yóò fowó ra ògiri tó ń lanu fúnra rẹ̀, tí yóò sì máa fi bọ́tìnnì rẹ̀ yangàn. Gíláàsì fèrèsé mọ́tò ni mò ń wí. Láti 1940 ni iléeṣẹ́ Packard ti gbé mọ́tò tó ń fi bọ́tìnnì ṣí gíláàsì jáde ní Amẹ́ríkà. Tiwa bá wa ní tòkunbọ̀, pẹ̀lú ike tó ti gbó nínú ilẹ̀kùn.

Ìdí ike yìí gan-an lọ̀rọ̀ wà. Ẹ̀rọ kékeré oníná kan ló ń fa wáyà irin, wáyà á fa ike, ike ló di ìdí gíláàsì mú. Tí eruku ọyẹ́ bá kún inú rọ́bà tí gíláàsì ń gbà, gíláàsì á bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́ra. Èyí tí wọ́n ń fọwọ́ yí láyé ọjọ́un náà ń bàjẹ́, àmọ́ apá á ti ro èèyàn kó tó kán. Ìka tó wà lórí bọ́tìnnì ò mọ nǹkan kan. Á ṣáà máa tẹ̀ ẹ́ títí ike á fi kán, tí gíláàsì á já sínú ilẹ̀kùn, gbì! Bí ẹ bá tẹ bọ́tìnnì tí ẹ̀rọ ń ké kùùùn tí gíláàsì ò mira, ike tàbí wáyà ló já. Bí kò bá ké rárá, ẹ kọ́kọ́ wo fíùsì.

Ọ̀gá kan gbọ́ kùùùn. Ó fọwọ́ fa gíláàsì sókè, ó fi páálí há a.

“Ọ̀gá, ẹ jẹ́ ká tú u, kí n lọ wá máṣíìnì rẹ̀ ní ọjà Ládìpọ̀,” riwáyà tó ń tún iná mọ́tò ṣe ló ń bẹ̀ ẹ́.

“Ṣebí ó dúró? Fi sílẹ̀ jàre.”

Òjò rọ̀, páálí mumi. Ọ̀gá fi igi rọ́pò rẹ̀. Lójú ọ̀nà Ìbàdàn, ọlọ́pàá ní kó wáìn gíláàsì wálẹ̀. Ilẹ̀kùn ló ṣí lójijì, ọlọ́pàá fò sẹ́yìn, ó gbá ìbọn mú. Ohun tó fi bẹ̀ wọ́n níbẹ̀, ẹ bi apò rẹ̀. Nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ, ó tún ṣílẹ̀kùn láti ra omi tútù, ọlọ́kadà sì bá ilẹ̀kùn náà pàdé. Aláǹgbá ń wọlé lọ́wọ̀ọ̀wọ́, onílé ń wá igi kún igi.

Àwọn tó gbà kí wọ́n tún un ṣe pàápàá, onígbọ̀jẹ̀gẹ́ ni wọ́n ń gbé e fún. Irú wọn á ya ọ̀rá inú ilẹ̀kùn dànù, wọ́n ní kò wúlò. Òjò àkọ́kọ́ á dé kápẹ́ẹ̀tì. Wọ́n á da ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì sí rọ́bà tó jẹ́ pé sílíkónì ló ń fẹ́. Ẹni tó mọṣẹ́ á fi tépù so gíláàsì mọ́ òkè kó tó tú bóòtù, á yọ wáyà iná kí ìka má bàa há, á sì dán an wò kó tó da ojú ilẹ̀kùn padà. Iṣẹ́ ọ̀sán kan ni.

Ọ̀gá wa ò ráyè ọ̀sán kan. Lọ́jọ́ tó ráyè, kámẹ́rà ẹ̀yìn mọ́tò ló lọ rà. Riwáyà kan náà ló bá a so ó, inú ilẹ̀kùn yẹn náà ni riwáyà sì fẹ́ gbé wáyà kámẹ́rà gbà. Riwáyà ní àfi kí òun yọ igi. Ọ̀gá ní kó wá ibòmíràn gbé e gbà.