Oríkì Eré Tí A Sá Láìsá

Mo kí ọ o, Eré Ìje Ọkọ̀ Formula 1 ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù ti ọjọ́ 29 oṣù Kẹjọ ọdún 2021, ìwọ tí a sá ní Spa-Francorchamps láìsá ọ, Arìn-gbẹ̀rẹ̀-gba-ife-ẹ̀yẹ, Adúró-sójú-kan-di-olókìkí, ìwọ tó kó ogún awakọ̀ tó yára jù lọ láyé jọ, tó sì mú gbogbo wọn tò tẹ̀ léra wọ́ọ́rọ́wọ́ bí àwọn tó ń sin ìyàwó lọ sílé ọkọ. Àwọn eré ẹgbẹ́ rẹ a máa fi nǹkan bíi wákàtí kan ààbọ̀ jà fitafita kí wọ́n tó rí ẹnì kan dé ládé. Ìwọ kò jà, o kò làágùn, ẹnì kankan kò sì kọjá ẹnì kejì rẹ̀ lójú ọ̀nà, síbẹ̀ o gbé ẹni mẹ́ta gun orí àga ìṣẹ́gun, o sì ki ìgò ṣámúpéènì bọ̀ wọ́n lọ́wọ́. Ta ni kò ní júbà irú alágbára bẹ́ẹ̀?

Ọmọ igbó Ardennes, ọmọ onílẹ̀ olókè, ọmọ ojú ọ̀nà tó fi díẹ̀ lé ní kìlómítà 7, níbi tí òjò a ti máa pa awakọ̀ kan ní ìhín tí oòrùn a sì máa pa ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ọ̀hún, ilé tí a bí ọ sí kì í ṣe ilé yẹpẹrẹ, nítorí láti ọdún 1921 ni a ti ń sá eré níbẹ̀, ó sì wà lára àwọn pápá tí a fi ṣe ìdíje àgbáyé àkọ́kọ́ ní ọdún 1950. Ọgọ́rùn-ún ọdún gbáko ni ilé náà fi ń bí akíkanjú, kí ó tó wá bí ọ.

Ọjọ́ Ẹtì ni o ti bẹ̀rẹ̀ sí í ránṣẹ́ ṣáájú ara rẹ, nígbà tí ọkọ̀ mẹ́fà lára ti àwọn obìnrin tó ń sá W Series forí gbárí ní òkè Raidillon, ibi tí awakọ̀ kì í rí ohun tó dúró dè é lókè títí yóò fi dé orí rẹ̀. Ní Sátidé, nígbà ìdíje tí a fi ń to ipò ìbẹ̀rẹ̀, Lando Norris tó ti yára ju gbogbo wọn lọ ní abala kìíní àti ìkejì jáde fún abala kẹta, òjò ń pọ̀ sí i, Sebastian Vettel sì ń pariwo lórí rédíò pé kí wọ́n dá eré dúró, ṣùgbọ́n etí àwọn aláṣẹ di títí Norris fi gbá ọkọ̀ rẹ̀ mọ́ ògiri lókè yẹn kan náà. Vettel dúró tì í lójú ọ̀nà láti mọ̀ bóyá ara rẹ̀ le, ara rẹ̀ sì le. Nínú gbogbo ohun tí o fi òpin ọ̀sẹ̀ yẹn ṣe, èyí nìkan ni n ó yìn láìfi ẹ̀fẹ̀ kún un. Nígbà tí eruku ọjọ́ náà rọlẹ̀, bí a bá lè sọ pé eruku wà nínú òjò, George Russell ti gbé ọkọ̀ Williams tí kì í kúrò lẹ́yìn nígbà náà dé ipò kejì, lẹ́yìn Max Verstappen, ṣáájú Lewis Hamilton. Òjò mà ló pa ẹyẹlé pọ̀ mọ́ adìẹ.

Ọjọ́ Àìkú wá dé, ọjọ́ ìwúyè rẹ, Olúòjò, ìwọ tí ìkùukùu jẹ́ aṣọ ìgúnwà fún. Ọkọ̀ Formula 1 kì í bo ẹsẹ̀ rẹ̀. Gbangba ni táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà, ohunkóhun tí wọ́n bá sì gbá kúrò nílẹ̀, ojú ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn ni wọ́n ń dà á sí. Pirelli tó ṣe táyà náà sọ pé táyà òjò kan ṣoṣo lè gbá omi lítà 85 dànù láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan bí ọkọ̀ bá ń sá 300 kìlómítà ní wákàtí. Kí olùkàwé fi mẹ́rin ṣe ìsodipúpọ̀ rẹ̀, kí ó sì tún fi ogún ṣe é, yóò mọ ìdí tí àwọn tó wà lẹ́yìn kò fi rí ju iná pupa bíntín kan lọ. Agogo mẹ́ta ọ̀sán ni kí o gbéra; o sún un síwájú, o yọjú, o padà sílé, o sì fi àwọn tó san owó gọbọi sílẹ̀ nínú ẹrẹ̀ àti òtútù títí agogo mẹ́fà fi lu. Ìwọ ọ̀làwọ́, o tilẹ̀ dúró pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ọkọ̀ Sergio Pérez, tó ti fọ́ kí eré tó bẹ̀rẹ̀ rárá, fi rí àtúnṣe tó sì padà wá tò sẹ́yìn.

Nígbà tó di agogo mẹ́fà kọjá ìṣẹ́jú 17, o jáde! Jẹ́ kí n kí olórí ogun rẹ, Ọkọ̀ Ààbò tí ń mú gbogbo ọkọ̀ rìn pẹ̀lẹ́ nígbà ewu, A-jáde-ṣáájú-wọlé-ṣáájú, ẹni tí òfin kò gbà kí ẹnikẹ́ni kọjá, tí Bernd Mayländer ọmọ ilẹ̀ Jámánì ti ń wà láti ọdún 2000. Òun ló ṣíwájú láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, Verstappen tẹ̀ lé e, Russell tẹ̀ lé Verstappen, Hamilton tẹ̀ lé Russell, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti sùn lálẹ́ Sátidé gan-an ni wọ́n jí. Ẹ̀sọ̀ pẹ̀lẹ́ nìgbín fi ń gun igi, ṣùgbọ́n ìgbín kì í sọ̀ kalẹ̀ lẹ́yìn ìdúró díẹ̀ kó ní òun ti dókè. Ìyípo 44 ni wọ́n pinnu. Díẹ̀ ni o rìn kí àsíá pupa tó fẹ́, kí wọ́n sì ní eré ti parí. Àrà tó wà nínú ìṣirò rẹ ló wù mí jù. Lábẹ́ òfin ìgbà náà, kí a tó lè pín ààbọ̀ àmì, ó gbọ́dọ̀ ju ìyípo méjì lọ, nítorí náà wọ́n ní o pé mẹ́ta. Ṣùgbọ́n òfin tún ní bí àsíá pupa bá pa eré, ẹ̀yìn ni kí a padà sí láti ka èsì, nítorí náà èsì rẹ jẹ́ ti ìyípo kan péré, nǹkan bíi kìlómítà 7. Ìwọ tí ń jẹ́ mẹ́ta nígbà ìpín, tí ń jẹ́ ẹyọ kan nígbà ìkà, a kò tí ì rí irú rẹ rí. Adelaide ọdún 1991, tó jẹ́ eré kúkúrú jù lọ kí a tó bí ọ, fi òjò ṣe ìyípo 14, Ayrton Senna sì sá wọn ní ti gidi. Ìtìjú ló yẹ kó bá a pé ó ṣe làálàá tó bẹ́ẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣì mí gbọ́. N kò ní kí wọ́n lé àwọn ọmọ ọlọ́mọ sínú omi ọjọ́ yẹn. Lókè Raidillon ni Anthoine Hubert, ọ̀dọ́ awakọ̀ ilẹ̀ Faransé, ti pàdánù ẹ̀mí rẹ̀ ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ ọdún 2019, ẹni tó bá sì rántí rẹ̀ kò ní fi ẹ̀mí ta tẹ́tẹ́ níbẹ̀. Dídúró dára. Ohun tí kò dára ni pé wọn kò lè pe ìdúró ní ìdúró: ó di dandan kí wọ́n yí pápá po lẹ́yìn Ọkọ̀ Ààbò kí ó lè jẹ́ eré nínú ìwé, kí wọ́n lè gbé 12.5 fún Verstappen, 9 fún Russell, 7.5 fún Hamilton. Hamilton fúnra rẹ̀ sọ ọ́ ní gbangba pé owó ló sọ̀rọ̀, pé ó yẹ kí wọ́n dá owó àwọn òǹwòran padà. Russell, ẹni tó jẹ́ pé ìgbà àkọ́kọ́ rẹ̀ lórí àga ìṣẹ́gun nìyẹn, ni mo káàánú jù, nítorí iṣẹ́ ńlá tó ṣe ní Sátidé tọ́ sí ọjọ́ Àìkú tó sàn ju ìwọ lọ.

Ààbọ̀ àmì kì í sì í ṣe ohun à ń fojú rénà. Ní Monaco ọdún 1984, Alain Prost borí nínú eré tí òjò dá dúró, ààbọ̀ àmì ni wọ́n fún un. Nígbà tí ọdún parí, ààbọ̀ ẹyọ àmì kan ni Niki Lauda fi jù ú lọ, tó sì gba adé. Ní ti ọdún tìrẹ, Verstappen parí pẹ̀lú 395.5, Hamilton pẹ̀lú 387.5, ààbọ̀ tó rọ̀ mọ́ ìdí iye méjèèjì, ìwọ lo bí i.

Ọlá rẹ tilẹ̀ pọ̀ débi pé òfin tuntun ni wọ́n fi ṣe ìrántí rẹ. Láti ọdún 2022, ẹnikẹ́ni kò lè gba àmì kankan àyàfi bí ẹni tó wà níwájú bá parí ìyípo méjì, ó kéré tán, láìsí Ọkọ̀ Ààbò níwájú rẹ̀. Bí òfin yẹn bá ti wà lọ́jọ́ tìrẹ ni, òdo ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ì bá kó lọ sílé.