Àparò Tó Gun Orí Ebè

Àparò kan ò ga jùkan lọ, àfi èyí tó bá gun orí ebè. Àwọn àgbà fi ń kìlọ̀ fún agbéraga ni. Kò sí èyí tó rò ó nínú wọn pé ọjọ́ ń bọ̀ tí àparò yóò fowó ara rẹ̀ ra ebè, tí yóò gùn ún, tí yóò sì máa yangàn lókè níbẹ̀ pé òun ti sá pamọ́ fọ́dẹ.

Ọ̀kan wà ládùúgbò wa. Ó ti fi téèpù dí ojú kámẹ́rà kọ̀ǹpútà rẹ̀. Incognito ló fi ń ka ìròyìn bọ́ọ̀lù, àfi bí ẹni pé wọ́n ń ṣọ́ ọ nítorí Arsenal. Àràárọ̀ ló ń pa kúkì rẹ́, ó ń sanwó VPN tó ń gbé e lọ sí Amsterdam, ó sì ti kó extension jọ sínú bíráúsà rẹ̀ débi pé èyí tó ń dènà ìpolówó ń bá ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jà.

"Ẹ̀gbọ́n, wọn ò lè rí mi mọ́."

"Àwọn ta ni?"

"Gbogbo wọn pátá."

Wọ́n ń rí i kedere. Kúkì jẹ́ àkọsílẹ̀ tí ìkànnì fi pamọ́ sọ́dọ̀ èèyàn. Tó o bá pa á rẹ́, ó tán. Ọgbọ́n mìíràn wà tí wọ́n fi ń dá bíráúsà mọ̀, fingerprinting ni wọ́n ń pè é. Òun kì í fi nǹkan kan pamọ́ sọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni. Ìbéèrè ló ń bi bíráúsà: ojú ẹ̀rọ rẹ fẹ̀ tó báwo? Fọ́ǹtì wo ló wà níbẹ̀? Èdè wo lo fẹ́? Aago ibo lò ń lò? Bíráúsà á máa ka gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ láìfọ̀rọ̀ lọ ẹni tó ni ín. Ìdáhùn kan ṣoṣo ò tú àṣírí ẹnikẹ́ni. Tí wọ́n bá pọ̀, tí wọ́n so pọ̀, ó lè jẹ́ ìwọ nìkan ni wọ́n bá mu.

Àwọn ìkànnì tún máa ń ní kí bíráúsà yàwòrán. Ìkànnì á fi ọ̀rọ̀ kan ránṣẹ́, bóyá pẹ̀lú emoji, pé kí bíráúsà yà á síbi tí ojú rẹ ò tó. Ọ̀rọ̀ kan náà ni, àmọ́ bí ẹ̀rọ kan ṣe ń kun etí lẹ́tà yàtọ̀ díẹ̀ sí ti òmíràn, nítorí káàdì àwòrán àti fọ́ǹtì inú rẹ̀. Ojú èèyàn ò lè rí ìyàtọ̀ yẹn. Ẹ̀rọ rí i, ó sọ ọ́ di nọ́ńbà, ó sì lè fi dá ọ mọ̀ nígbà tó o bá padà wá, kúkì ì báà wà, ì báà má wà. Keaton Mowery àti Hovav Shacham ló ṣàlàyé ọgbọ́n yìí ní 2012. Nígbà tó fi máa di 2014, àwọn olùwádìí láti Leuven àti Princeton ti bá a lórí ìkànnì tó ju 5,000 lọ nínú 100,000 tí wọ́n yẹ̀ wò.

Ní 2010, Peter Eckersley ti Electronic Frontier Foundation ní Amẹ́ríkà yẹ bíráúsà 470,161 wò. Nínú ọgọ́rùn-ún, 83.6 ni kò ní ìkejì. Láàárín àwọn tó so Flash tàbí Java mọ́ tiwọn, ó di 94.2. Irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ tún wáyé lórí ìkànnì ńlá kan ní Faransé, wọ́n gbé èsì rẹ̀ jáde ní 2018: nínú ohun tó lé ní 2,000,000, ìdá 33.6 nínú ọgọ́rùn-ún péré ló dá yàtọ̀. Òótọ́ ni pé Flash ti ń kógbá sílé nígbà yẹn. Àmọ́ ohun tó pa mí lẹ́rìn-ín ni pé àwọn tó lọ fún àyẹ̀wò ti 2010, ọ̀pọ̀ wọn ló jẹ́ ẹni tí ọ̀rọ̀ àṣírí ń jẹ lọ́kàn. Àwọn ará Faransé ní tiwọn, nǹkan mìíràn ni wọ́n bá lọ.

Ẹ wo Do Not Track, bọ́tìnì tí èèyàn ń tẹ̀ láti bẹ ìkànnì pé kó má tọ ipasẹ̀ òun. Ọ̀pọ̀ ìkànnì ò dá a lóhùn. Ní 2019, Apple yọ ọ́ kúrò nínú Safari, nítorí ẹ̀bẹ̀ náà gan-an lè di àmì tí wọ́n fi ń dá ẹlẹ́bẹ̀ mọ̀.

Àbúrò wa dé Amsterdam, aago bíráúsà rẹ̀ ṣì ń sọ Africa/Lagos. Ó tún fẹ́ràn èdè baba rẹ̀, ó fi Yorùbá ṣe èdè àkọ́kọ́ níbẹ̀. Mo yìn ín. Ṣùgbọ́n kò sí ìkànnì tó ṣí tí kò gbọ́ ọ, Yorùbá mélòó ló sì ń wọlé láti Amsterdam pẹ̀lú aago Èkó?

Èwo ni kéèyàn wá lò? Tor Browser, àti Mullvad Browser tó jáde ní 2023, ń gbìyànjú kí gbogbo àparò ga bákan náà: aago kan, fọ́ǹtì kan, wíńdò tí ìwọ̀n rẹ̀ bára mu. Brave ń da ìdáhùn rú díẹ̀, kí ti òní má bá ti àná mu. Láti 2020 ni Firefox ti ń dènà àwọn tó mọ̀ pé fingerprinting ni iṣẹ́ wọn, Safari sì ń fèsì ní ṣókí. Èyíkéyìí nínú wọn dára, tí olówó rẹ̀ bá lè káwọ́ kúrò lára rẹ̀. Ibẹ̀ ló ti le. Mo ní kí àbúrò wa lo Tor bó ṣe bá a. Ó gbà, ó kàn fi extension méjì kún un, kó lè túbọ̀ pamọ́.

Chrome tí ayé ń lò jù ńkọ́? Google ló ni ín, ìpolówó sì ni Google fi ń jẹun. Ní 2019, Google fẹnu ara rẹ̀ sọ pé fingerprinting ń gba ẹ̀tọ́ yíyàn lọ́wọ́ èèyàn, pé kò dára. Ní oṣù Kejìlá 2024, ó kéde pé tó bá di ọjọ́ 16 oṣù Kejì 2025, òun ò ní í kà á léèwọ̀ mọ́ fún àwọn tó ń gba ọ̀dọ̀ òun polówó. ICO, àjọ tó ń mójú tó ààbò ìsọfúnni aráàlú ní Gẹ̀ẹ́sì, ní ìwà àìbìkítà gbáà ni. Ọ̀rọ̀ ti 2019 yẹn ṣì wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ lè fi Chrome kà á.