Ọ̀gá Oníná Mẹ́rin

Bí ẹ ò bá tilẹ̀ mọ orúkọ rẹ̀, ẹ mọ ẹ̀yìn ọkọ̀ rẹ̀: iná ọ̀tún ń ṣẹ́jú, iná òsì ń ṣẹ́jú, bẹ́ẹ̀ ọkọ̀ ò bàjẹ́. Bọ́tìnnì kan wà níwájú rẹ̀ tí wọ́n ya igun mẹ́ta pupa sí, tí wọ́n ń pè ní hásáàdì. Ọjọ́ tí ọkọ̀ bá kọṣẹ́ lójú títì ni wọ́n ṣe é fún, kí ará ẹ̀yìn lè mọ̀ pé nǹkan dúró síwájú. Ọ̀gá wa ò ní sùúrù àtidúró de ọjọ́ náà. Ojoojúmọ́ ni ọjọ́ hásáàdì tirẹ̀.

Bí òjò bá dé bá a lójú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn, á tẹ̀ ẹ́. Bó bá ń tẹ̀lé ọkọ̀ ìyàwó tàbí ọkọ̀ òkú, á tẹ̀ ẹ́. Bó bá ń gba ọ̀nà tí àwọn ẹlòmíì ń gbà bọ̀, á tẹ̀ ẹ́, á tún tan iná iwájú mọ́ ọn, àfi bí ẹni pé ẹ̀ṣẹ̀ tó bá ti níná ti di ẹ̀tọ́. Bó bá wá jẹ́ ọlọ́kadà, láti àárọ̀ tó ti jáde nílé ni gbogbo iná rẹ̀ ti ń ṣẹ́jú. Kò dé àṣíborí, èrò mẹ́ta ló sì gbé sẹ́yìn.

Kékeré nìyẹn. Ẹ lọ dè é ní oríta.

Ó fẹ́ lọ tààrà. Ẹni tó ń lọ tààrà kì í tan iná kankan. Àìtan rẹ̀ gan-an làmì. Èyí ò tó ọ̀gá wa. Lójú tirẹ̀, bí iná ọ̀tún bá wà fún ọ̀tún, tí tòsì wà fún òsì, ọ̀tún pa pọ̀ mọ́ òsì, iwájú ló máa jẹ́. Ìṣirò ọ̀mọ̀wé! Ẹ wá jẹ́ ẹni tó dúró lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀ ní oríta náà, tí ọkọ̀ mìíràn dí ìdajì ọkọ̀ rẹ̀ mọ́ yín lójú. Iná ọ̀tún nìkan lẹ máa rí. Ẹ ó gbà pé ọ̀dọ̀ yín ló ń yà sí, ẹ ó wọ títì, òun náà á sì ya lù yín láàárín, tààrà. Bó bá tún pèrò dà pé òsì lòun fẹ́ yà, ta ni yóò mọ̀? Iná mẹ́rin ti ń ṣẹ́jú, tiráfíkétọ̀ ò rẹ́nu sọ̀rọ̀ mọ́. Ẹ bi í léèrè, á yọrí lójú fèrèsé, á nàka sẹ́yìn ọkọ̀: “Ṣé ẹ ò rí i pé mo tan hásáàdì ni?”

Òun ni gbogbo òfin ìrìnnà tó mọ̀. Ó dúró láàárín títì, ó ń ra búrẹ́dì, ó ṣáà tan hásáàdì. Ó já èrò sílẹ̀ lórí afárá, ó ṣáà tan hásáàdì. Kì í bẹ yín kí ẹ má bínú; ó ní òun ti kìlọ̀ fún yín. Kí gbogbo ayé máa ṣọ́ra, kí òun lè rí ààyè má ṣọ́ra. Ìmọtara-ẹni-nìkan ni, iná ni wọ́n kàn tàn sí i.

Láti 1988 ni Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó ti wà. Ohun kan ṣoṣo tí ọ̀gá wa gbọ́ lẹ́nu wọn ni sí-kọ́ṣọ̀n, igun mẹ́ta tí wọ́n ń gbé sójú títì lẹ́yìn ọkọ̀ tó bá kọṣẹ́. Ó ra ọ̀kan. Ó wà nínú búùtù, kò tíì kúrò nínú ọ̀rá. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ló rà á fún, kì í ṣe fún títì.

Bẹ́ẹ̀ tírélà á kọṣẹ́ lóòótọ́ lóru, nítòsí Ògèrè, nínú òjò. Awakọ̀ rẹ̀ á tan iná mẹ́rin, bó ṣe yẹ. Ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn á rí i látòkèèrè, á ní ọ̀kan nínú àwọn oníná mẹ́rin náà nìyẹn, ó ń rìn lọ ni. Kò ní tẹ bíréèkì. Ọ̀gá wa ti ná ìkìlọ̀ tó yẹ kó gba ẹ̀mí yẹn là tán, sórí búrẹ́dì.