Ṣé Ó Ti Ṣe Tán?

Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Àgbà tó kọ́kọ́ pa òwe yìí ti lúwẹ̀ẹ́ lódò, ó sì ti wo alákàn dáadáa. Orí ọ̀pá tín-ín-rín méjì ni Ọlọ́run gbé ojú rẹ̀ lé. Bó bá fura, á ká ojú náà wọ inú kòtò tó wà lára ìkarahun rẹ̀, á sì forí lé ihò. Orí ara rẹ̀ ló ń ṣọ́. N kò tíì rí alákàn tó jókòó sẹ́nu ihò, tó ń fojú tirẹ̀ ṣọ́ orí ọ̀pọ̀lọ́. Àwa onígbàgbọ́ òde òní la dá ìyẹn sílẹ̀.

Télọ̀ kan wà ládùúgbò wa n'Íbàdàn tó lẹ ìwé mọ́ ara ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, lẹ́tà pupa gàdàgbà: JÉSÙ Ń BỌ̀! ṢÉ O TI ṢE TÁN? Láti ọ̀sẹ̀ kejì lẹ́yìn Àjíǹde ni ańkárá mi ti wà lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbàkigbà tí mo bá dé ẹnu ọ̀nà, ìwé náà á kọ́kọ́ bi mí ní ìbéèrè rẹ̀, èmi náà á wá wọlé lọ bi onílé.

"Ṣé ó ti ṣe tán?"

"Ẹ̀gbọ́n, kò tíì ṣe tán o. Ẹ fi ti Jésù ṣe é. Iná ò sí, àná la sì jáde nínú ààwẹ̀ ọlọ́jọ́ mọ́kànlélógún."

Mo wo orí tábìlì. Ańkárá mi rèé lábẹ́ Bíbélì ńlá kan àti ìgò òróró. Ó ti fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sí i lára, ó ti gé ọwọ́ kan, ó sì ti fi abẹ́rẹ́ há a mọ́ ibì kan tí kò jọ èjìká. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fún un ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá, á ka orúkọ gbogbo àwọn tí kò ní í bá wa lọ lọ́jọ́ ìgbàsókè: ọmọbìnrin tó kirun àtọwọ́dá, olórí akọrin tó ń gẹ irùngbọ̀n, ìyá oníréèsì tó ta ọjà lọ́jọ́ Ìsinmi. Ó fò mí dá. Mo rò pé torí pé mo wà níbẹ̀ ni.

Ẹni tó bá rò pé télọ̀ mi nìkan ni, kó rántí ìlú Oǹdó. Ní oṣù Keje ọdún 2022, ọlọ́pàá wọ ṣọ́ọ̀ṣì kan níbẹ̀, wọ́n kó èèyàn 77 jáde, ọmọdé sì ni 26 nínú wọn. Àwọn aṣáájú ṣọ́ọ̀ṣì náà ti kọ́kọ́ sọ fún ìjọ pé oṣù Kẹrin ni ìgbàsókè. Nígbà tí oṣù Kẹrin kọjá, wọ́n sún un sí oṣù Kẹsàn-án, gẹ́gẹ́ bí télọ̀ ṣe ń sún ọjọ́. Lọ́dún yẹn kan náà ni ìròyìn gbòde láti Òmùò-Òkè l'Ékìtì pé pásítọ̀ kan ní kí ọmọ ìjọ kọ̀ọ̀kan san ₦310,000, kó lè gba Líbíà dé ẹnu-ọ̀nà ọ̀run. Líbíà kẹ̀! Níbi tí àwọn ọmọ wa ń gbà lọ sí Yúróòpù, tí ọ̀pọ̀ ò délé wí.

Kì í ṣe tiwa nìkan. Ní Amẹ́ríkà, àwọn ọmọlẹ́yìn àgbẹ̀ kan tó ń jẹ́ William Miller mú ọjọ́ 22 oṣù Kẹwàá ọdún 1844, àwọn mìíràn sì fi irè oko sílẹ̀ láìkórè. Ilẹ̀ ọjọ́ 23 mọ́ kedere. Oníwàásù kan tó ń jẹ́ Harold Camping náà mú oṣù Karùn-ún ọdún 2011, ó sún un sí oṣù Kẹwàá, méjèèjì kọjá. Lọ́dún kejì, bàbá náà kọ̀wé jẹ́wọ́ pé àwọn ti ṣìnà. Mo kan sáárá sí i. Àwọn tiwa kì í jẹ́wọ́, ọjọ́ ni wọ́n ń pààrọ̀.

Ìtàn wúńdíá mẹ́wàá inú Mátíù orí 25 ni wọ́n sì máa ń fi dẹ́rù bà wá. Ẹ tún un kà. Nígbà tí ọkọ ìyàwó pẹ́, àwọn mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ló sùn. Ọlọgbọ́n márùn-ún sùn, bóyá wọ́n tilẹ̀ hanrun, kò sì sẹ́ni tó torí oorun bá wọn wí. Òróró tó wà nínú kólòbó wọn kí wọ́n tó sùn ló yọ wọ́n. Àwa wá yí i po. A kì í sùn, kólòbó sì gbẹ táútáú. A ó ṣọ́ òru lọ́jọ́bọ̀, tó bá di ọjọ́ Ẹtì, a ó forí sùn lé fáìlì bàbá arúgbó tó wá wá owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀. Kì í kúkú ṣe pé òróró wọ́n. Ó wà lára mọ́tò, ó wà lára ilẹ̀kùn, ó wà lórí ìwé ìrìnnà. Ti àtùpà nìkan ni ò sí.

Ẹ padà sẹ́yìn díẹ̀, sí ìparí orí 24. Ẹrú tí Jésù yìn níbẹ̀, ẹnu bíbu oúnjẹ fún ará ilé lákòókò ni ọ̀gá rẹ̀ ti bá a. Kò sí lórí òkè àdúrà. Ká ní ilẹ̀ wa ni, ìgbákọ ni à bá bá lọ́wọ́ rẹ̀.

Pọ́ọ̀lù ńkọ́? Télọ̀ lòun náà lọ́nà kan: àgọ́ ló ń pa ní Kọ́ríńtì, lọ́dọ̀ Àkúílà àti Pírísílà. Nígbà tí àwọn kan ní Tẹsalóníkà ń jókòó tẹtẹrẹ, tí wọ́n ń dá sí ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀, ó kọ̀wé gún wọn lára pé kí wọ́n lọ ṣiṣẹ́ kí wọ́n tó fojú sọ́nà fún abọ́ oúnjẹ. N kò sì kà á níbì kankan pé ará Kọ́ríńtì kan wá béèrè àgọ́ rẹ̀, tí Pọ́ọ̀lù ní ààwẹ̀ lòun ń gbà lọ́wọ́.

Lálẹ́ ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá, èmi àti télọ̀ mi pàdé níbi ìṣọ́ òru Ọdún Tuntun. Ó ku ìṣẹ́jú díẹ̀ kí aago méjìlá lù, àlùfáà ní kí ẹni tó bá ti ṣe tán nawọ́ sókè. Télọ̀ mi na méjèèjì, téèpù tó fi ń wọn aṣọ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Gbogbo ìjọ dijú. Èmi nìkan ni mo lajú sílẹ̀ kalẹ̀, mò ń ṣọ́ orí rẹ̀ láàárín èrò, kó má baà gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn sá lọ. Bí ọdún tuntun ṣe wọlé bá mi nìyẹn, n kò gba àdúrà kan ṣoṣo.

Bí a ṣe ṣe oore-ọ̀fẹ́ tán, mo ká a mọ́ ìdí igi máńgòrò.

"Aṣọ mi dà?"

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ọdún o. Ó ku ọwọ́ òsì." Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, owó ìránṣọ tèṣí, ẹgbẹ̀rún mẹ́rin tó kù lọ́wọ́ yín, ṣé ẹ ti ṣe tán láti san án?"

Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì. Mo ní kó fi ti Jésù ṣe é.