Káàdì Kì í Pe Èèyàn

Ẹni tó bá rò pé káàdì ìgbéyàwó ló ń pe èèyàn wá sóde, kó lọ wo ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn l'Ékòó lọ́jọ́ Sátidé. Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà pé ẹni tí kò ní káàdì kò gbọdọ̀ wọlé. Síbẹ̀ mo-gbọ́-mo-yà ti jókòó, ó ń bèèrè ẹran. Aṣọ ẹbí ló ń ṣílẹ̀kùn: ẹ̀ṣọ́ wo ló máa dá ìyá onígèlè padà? Àwọn kan ní káàdì ló ń jẹ́ ká mọ iye abọ́ oúnjẹ. Irọ́ ni! Iye ẹni tó ra aṣọ ni alásè ń bèèrè, á sì tún fi ìkòkò kan lé e. Wọ́n ní ọ̀wọ̀ ni, ó kéré tán. Mo gbà, ẹ ṣáà fi ti WhatsApp nìkan ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n bàbá ìyàwó, kẹ́ ẹ wá wo bí ìpàdé ẹbí ṣe ń bẹ̀rẹ̀.